Olè Tí Ọlọ́run Fi Owó Àwọn Ọmọ Òrukàn Lé Lọ́wọ́

Nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, kò sí olùkọ́ tí yóò kọ́ wa nípa àdúrà tí kò ní dárúkọ George Müller ti ìlú Bristol. Wọ́n á ní ọkùnrin yìí tọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ òrukàn, kò sì tọrọ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run nìkan ni ó ń bẹ̀. Gbogbo wa á sì pariwo, “Halelúyà!” A parí ẹ̀kọ́ wa, a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọ, a sì ń sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ ìjọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ ọ́ fún wa.

Ní ìjọ kan tí a ti sìn rí, arákùnrin wa kan sùn nínú Olúwa, ó sì fi àwọn ọmọ kéékèèké sílẹ̀. Ìjọ dá owó fún wọn ní ọjọ́ ìsinmi kan. Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, opó náà wá bá wa, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú o. Wọ́n ní ìjọ dá owó fún àwọn ọmọ mi. Èló ni owó náà, kí n lè mọ bí n ó ṣe dúpẹ́?”

Ẹ̀yin ará, a kò rí èsì fún un. A kò jí owó náà. Apá kan rẹ̀ ti di owó ilé ìwé, apá kan ti di oúnjẹ, apá kan ni a fi tún ẹ̀rọ amúnáwá ìjọ ṣe pẹ̀lú èrò pé a ó dá a padà. Ṣùgbọ́n a kò kọ ohunkóhun sílẹ̀. Obìnrin náà dìde, ó dúpẹ́, ó lọ. A kò rí oorun sùn ní òru ọjọ́ náà.

Ìgbà náà ni a wá ìwé tí Müller fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nípa iṣẹ́ rẹ̀ lọ, tí a jókòó kà á fúnra wa. A rí i pé ìdajì ìtàn ni a ti ń sọ. Àdúrà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ìṣirò owó wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé: ṣílè tí ó wọlé, ọjọ́ tí ó wọlé, ohun tí a fi ṣe. Kí ló mú kí òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan máa ka owó báyìí? Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé baba rẹ̀.

ỌWỌ́ TÍ KÒ MỌ́

A bí George Müller ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 1805 ní ìlú Kroppenstedt, ní ilẹ̀ Prussia, tí ó wà lára Jámánì lónìí. Agbowó-orí ìjọba ni baba rẹ̀. Kí ọmọ náà tó pé ọdún 10 ni ó ti ń jí nínú owó ìjọba tí ó wà ní ìkáwọ́ baba rẹ̀. Baba fura. Ní ọjọ́ kan ó ka iye owó kan, ó fi í sílẹ̀ nínú yàrá tí ọmọ náà wà, ó sì jáde. George bu nínú rẹ̀, ó kó o sínú bàtà, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Baba padà dé, ó tún owó kà, wọ́n tú ara ọmọ wò, àṣírí sì tú.

Ó jẹ́ ọmọ ọdún 14 nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ní òru tí ìyá ń kú lọ, ọmọ wà nídìí káàdì títí di aago méjì òru, kò mọ̀. Ní ọjọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ ìsinmi, ilé ọtí ni ó wà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé ọwọ́ lé e lórí ní ìjọ, baba fún un ní owó tí yóò fún àlùfáà. Bí a bá pín owó náà sí ọ̀nà 12, ìpín 1 péré ni ó dé ọwọ́ àlùfáà. Ìyókù wọ àpò George. Ní ọmọ ọdún 16, ó dé sí ilé àlejò, ó jẹ, ó mu, kò sì lówó tí yóò san. Ó wà nínú ẹ̀wọ̀n láti oṣù kejìlá ọdún 1821 títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1822, kí baba rẹ̀ tó san gbèsè náà.

Ẹ má ṣe rò pé ọmọ ìta ni. Iṣẹ́ àlùfáà ni ó ń kọ́! Nígbà tí ó ń múra sílẹ̀ fún yunifásítì, ó ní ìwé tó bíi 300, kò sì sí Bíbélì kan ṣoṣo nínú wọn. Ó dé Yunifásítì Halle, wọ́n fún un ní àyè láti máa wàásù nínú ìjọ Luther. Ní ọdún 1825 kan náà, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rin ìrìn àjò lọ sí Switzerland, wọ́n sì ní kí ó máa tọ́jú owó gbogbo wọn. Ó ṣe é tí owó tirẹ̀ fi dín ní ìdá mẹ́ta sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó ń jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn tí ó di ẹni Ọlọ́run, ó fi ara rẹ̀ wé Júdásì, ẹni tí àpò owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó sì ń jí i.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ọwọ́ yìí kan náà ni Ọlọ́run yóò fi owó ọmọ òrukàn lé.

ỌJỌ́ TÍ Ó RÍ ẸNI TÍ Ó KÚNLẸ̀

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní àárín oṣù kọkànlá ọdún 1825, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mú un lọ sí ìpàdé àdúrà ní ilé onígbàgbọ́ kan. Níbẹ̀ ni ọkùnrin kan ti kúnlẹ̀ tí ó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Àlùfáà lọ́la ni George, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tí ó gbàdúrà lórí eékún rí láyé rẹ̀. Nígbà tí ó ń padà sílé ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó ti mọ̀ pé ohun gbogbo tí òun ti gbádùn tẹ́lẹ̀ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí.

Ní ọdún 1829 ó kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1830 ó di olùṣọ́ àgùntàn ìjọ kékeré kan ní Teignmouth, ó sì gbé Mary Groves níyàwó. Ní ọdún náà ni ó kọ owó oṣù. Owó oṣù yìí ń ti ara owó ìjókòó wá: olówó a san púpọ̀, a jókòó síbi tó dára, tálákà a wà lẹ́yìn. Müller ka Jákọ́bù orí 2, ó rí i pé irú ojúsàájú bẹ́ẹ̀ kò yẹ ilé Ọlọ́run. Ó gbé àpótí kan sínú ilé ìsìn, ó ní kí olúkúlùkù fi ohun tí Ọlọ́run bá fi sí i lọ́kàn síbẹ̀.

Ní ọdún 1832, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Henry Craik kó lọ sí Bristol. Ọdún náà gan-an ni àrùn onígbáméjì ja ìlú náà. Ìyá ń kú, baba ń kú, àwọn ọmọ sì ń ṣẹ́kù. Àwọn olùṣọ́ àgùntàn méjèèjì ń wọlé tọ àwọn aláìsàn lọ, wọn kò sá. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 1834, Müller dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa ran ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, tí yóò máa pín Bíbélì, tí yóò sì máa ran àwọn míṣọ́nnárì lọ́wọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti fi í ṣe òfin pé ẹgbẹ́ náà kò gbọdọ̀ jẹ gbèsè.

ÀDÚRÀ TÍ Ó GBÀGBÉ

Ní àkókò náà, Müller ń bẹ onígbàgbọ́ kan wò tí ń ṣiṣẹ́ wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́. Ara ọkùnrin náà ti ń gbẹ, ayọ̀ rẹ̀ ti lọ. Bí a bá ní kí ó dín iṣẹ́ kù kí ó lè ráyè gbàdúrà, a ní ìdílé òun kò ní rí oúnjẹ jẹ. Müller ronú pé irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí nílò ohun tí ojú wọn lè rí, tí yóò fi hàn pé Ọlọ́run kò tíì kú. Ó rántí ilé àwọn ọmọ òrukàn tí August Hermann Francke dá sílẹ̀ ní Halle kí ó tó di ọdún 1700, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti rí yàrá gbé lọ́fẹ̀ẹ́ fún oṣù 2 nígbà tí òun jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 1835, ó ń ka Orin Dáfídì 81, ó dé ẹsẹ 10 níbi tí Ọlọ́run ti ń pe àwọn ènìyàn Rẹ̀ kí wọ́n la ẹnu wọn, kí Òun lè bọ́ wọn. Ó kúnlẹ̀, ó béèrè ilé, ó béèrè 1,000 pọ́n-ùn, ó sì béèrè àwọn tí yóò máa tọ́jú àwọn ọmọ.

Aránṣọ kan tí ara rẹ̀ kò le, tí kò sì rí ju ṣílè díẹ̀ lọ́sẹ̀, ránṣẹ́ pé òun fẹ́ fi 100 pọ́n-ùn sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Owó ogún ni. Kí ni ẹ rò pé Müller ṣe? Kò sáré gbà á. Ó pè é, ó bi í bóyá ó ti rò ó dáadáa, ó gbìyànjú láti mọ̀ bóyá ìgbóná ọkàn ọjọ́ kan ni. Ìgbà tí ó rí i pé obìnrin náà mọ ohun tí ó ń ṣe, pé ó ti san gbèsè baba rẹ̀, ó sì ti fún ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀, ni ó tó gbà á. Ẹ wo ọmọ tí ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ owó mọ́lẹ̀ nínú bàtà! Òun ni owó wá ń bá nílé yìí, tí ó ń bi owó léèrè ibi tí ó ti wá.

Ilé ti wà, owó ti ń wọlé, àwọn olùtọ́jú ti wà. Ní oṣù kejì ọdún 1836, ọjọ́ pé tí a ó gba orúkọ àwọn ọmọ. Müller jókòó, ó ń retí. Kò sí ẹni kan tí ó wá! Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó wá rántí pé gbogbo nǹkan ni òun ti béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run, àfi àwọn ọmọ. Ó ti gbà lọ́kàn pé àwọn yẹn kò lè ṣàì wá. Ó dojúbolẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, orúkọ àkọ́kọ́ dé. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1836, a ṣí ilé kìn-ín-ní ní òpópónà Wilson fún àwọn ọmọbìnrin.

ÀDÚRÀ PẸ̀LÚ ÌWÉ OWÓ

Ilé náà di mẹ́rin ní òpópónà Wilson. Láti ọdún 1838, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ilẹ̀ ń mọ́ tí kò sí owó oúnjẹ alẹ́ nílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ nìkan ni a jẹ́ kí ó mọ̀. Wọn a pé jọ, wọn a gbàdúrà, ẹni tí ó bá ní nǹkan nínú wọn a mú un wá. Wọn kì í ra àwìn. Bí kò bá sí owó ohun kan, wọn kò ní rà á. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ń jẹun.

Ní ìparí ọdún 1841 ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tí a fẹ́ kí gbogbo aṣáájú ìjọ gbọ́. Àkókò tó láti tẹ ìròyìn ọdọọdún jáde, kí a sì pe ìpàdé tí a ti ń kà á fún àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n àpò gbẹ. Ẹlòmíràn ì bá ní, “Àsìkò gan-an nìyí! Bí àwọn ènìyàn bá gbọ́ bí ó ti rí, wọn yóò mú owó wá.” Müller sún ìpàdé náà síwájú di ọdún 1842. Kò fẹ́ kí ìròyìn di ọgbọ́n ìtọrọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀: ohun tí ó wọlé àti ohun tí ó jáde.

Ní ọdún 1845, aládùúgbò kan kọ lẹ́tà pé ilé àwọn ọmọ náà ń ni àwọn ará àdúgbò lára. Müller kò bá wọn jà. Ó gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà fún ilẹ̀. Ó rí ilẹ̀ kan ní Ashley Down, tí ẹni tí ó ni ín ń tà ní 200 pọ́n-ùn fún éékà kan. Ní òru ọjọ́ tí wọ́n sọ fún ọkùnrin náà pé Müller ń wá a, oorun dá lójú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní òun yóò tà á ní 120 pọ́n-ùn fún éékà. Ilé kìn-ín-ní ṣí níbẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1849, ó gba ọmọ 300. Nígbà tí ó fi di ọdún 1870, ilé 5 ni ó wà lórí òkè náà, pẹ̀lú àyè fún ọmọ tó lé ní 2,000.

ATẸ́GÙN GÚÚSÙ

Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1857, ìkòkò irin ńlá tí ń gbé ooru káàkiri ilé kìn-ín-ní bẹ̀rẹ̀ sí jò. Bíríkì ni a fi mọ yí i ká. Àfi kí a pa iná, kí a wó bíríkì, kí a tó mọ ibi tí ó ti bàjẹ́. Ẹ ronú ọmọ 300 nínú òtútù ilẹ̀ Òyìnbó, tí atẹ́gùn àríwá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́! Müller ránṣẹ́ pe àwọn oníṣẹ́, ó dá ọjọ́ fún wọn, ó wá béèrè ohun 2 lọ́wọ́ Olúwa: kí atẹ́gùn yí padà sí gúúsù, kí àwọn oníṣẹ́ sì ní ọkàn láti ṣiṣẹ́ bí àwọn tí ó mọ odi Jerúsálẹ́mù nígbà ayé Nehemáyà. Ní ọjọ́ náà gan-an atẹ́gùn gúúsù fẹ́, ooru mú tó bẹ́ẹ̀ tí a kò nílò iná. Ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ ní kí wọ́n lọ sinmi, kí wọ́n padà wá ní kùtùkùtù. Wọ́n ní àwọn yóò kúkú ṣe é mọ́jú.

Ará, ẹ kíyè sí i: kò gbàdúrà kí ìkòkò náà tún ara rẹ̀ ṣe. Ó pe oníṣẹ́. Ohun tí agbára ènìyàn ká, ó ṣe é. Ohun tí ó ju agbára ènìyàn lọ, ó gbé e fún Ọlọ́run.

Àwọn ọmọ náà kọ́ ìwé. Àwọn kan bínú pé ó ń kọ́ ọmọ tálákà ju bí ó ti yẹ lọ, pé ta ni yóò wá ṣe iṣẹ́ kúlí? Kò gbọ́ tiwọn. Ọmọkùnrin á lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, Müller ni yóò san owó ìkọ́ṣẹ́. Ọmọbìnrin á dúró pẹ́ kí ó tó gba iṣẹ́. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á jáde pẹ̀lú aṣọ àti Bíbélì. Kì í ṣe pé gbogbo ohun tí ó ṣe ni a ó tẹ̀lé lónìí. Òfin rẹ̀ ni pé kìkì ọmọ tí ìyá àti baba rẹ̀ ti kú, tí a sì bí nínú ìgbéyàwó, ni òun yóò gbà. Àwa gbàgbọ́ pé ọmọ tí a bí láìsí ìgbéyàwó kò ní ẹ̀bi kankan, ebi ọ̀kan náà ni ó sì ń pa á.

OHUN TÍ Ó FI SÍLẸ̀

Láti ọdún 1875 títí di 1892, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, Müller rin ìrìn àjò ìwàásù tó ju 200,000 máìlì lọ, ó sì dé orílẹ̀-èdè 42. Ní alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 1898, ó darí ìpàdé àdúrà bí ó ti máa ń ṣe. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n bá a ní yàrá rẹ̀, ó ti lọ sọ́dọ̀ Olúwa. Ọmọ ọdún 92 ni. Ìlú Bristol tú jáde láti sin ín.

Ọmọ òrukàn tó lé ní 10,000 ni ó kọjá lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Owó tó tó bíi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ pọ́n-ùn ni ó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá fún gbogbo iṣẹ́ Olúwa tí ó ṣe. Nínú èyí tí àwọn ènìyàn fún òun fúnra rẹ̀, ó fi ohun tó ju 80,000 pọ́n-ùn tọrẹ. Nígbà tí wọ́n ka ohun ìní rẹ̀ lẹ́yìn ikú, kò tó 170 pọ́n-ùn. Wọ́n ta àwọn ilé ńlá Ashley Down ní ọdún 1958, nítorí a ti rí i pé ó sàn kí ọmọ máa gbé nínú ilé kékeré bí ìdílé. Òkúta lè yí ọwọ́ padà. Orúkọ rere kò ṣeé tà.

ÀWA Ń KỌ́?

A kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ìjọ dá owó. Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì bẹ àwọn ará Kọ́ríńtì kí wọ́n dá owó fún àwọn ènìyàn mímọ́ ní Jerúsálẹ́mù. Ṣùgbọ́n ẹ ka 2 Kọ́ríńtì 8, ẹsẹ 18 sí 21, ẹ ó rí i pé kò gbé owó náà lọ ní òun nìkan. Ó mú àwọn ẹlòmíràn tí gbogbo ìjọ mọ̀ dání, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀sùn kà sí i lẹ́sẹ̀. Bí Pọ́ọ̀lù bá ń wá ẹlẹ́rìí, ta ni àwa?

Àwọn ènìyàn wa ní ìṣẹ́ kì í ṣe ohun àmúṣeré. Opó ń bẹ ní àdúgbò ìjọ wa. Ọmọ òrukàn ń bẹ tí ẹbí ti pín láàárín ara wọn, tí ó ń kiri ọjà nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní ilé ìwé. Jákọ́bù 1:27 fi hàn pé ibẹ̀ gan-an ni Ọlọ́run ti ń wo ìsìn wa. Kí ìjọ gbàdúrà fún wọn, ó dára. Kí ìjọ dá owó, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìwé kan wà, kí ènìyàn méjì máa fọwọ́ sí i, kí ẹni tí a dá owó fún lè mọ iye rẹ̀ láìjẹ́ pé ó kúnlẹ̀ bèèrè.

Ní ti opó wa ọjọ́ náà, a ní kí àwọn alàgbà bá wa ṣe ìṣirò. A dá owó ẹ̀rọ amúnáwá padà láti inú àpò ara wa. A mú ìwé náà lọ sí ilé rẹ̀, a kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, a sì bẹ̀ ẹ́ kí ó dárí jì wá. Obìnrin náà sunkún, àwa náà sunkún. Láti ọjọ́ náà ni ìwé ti wà.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tí ń ka èyí bá ní owó aláìní tí ó bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ tí kò sì lè ṣírò rẹ̀, kí ó má ṣe sá. Ọlọ́run tí ó yọ owó kúrò nínú bàtà ọmọ Kroppenstedt lè wẹ ọwọ́ tirẹ̀ náà mọ́. Kí Olúwa fi ọwọ́ mímọ́ fún wa, kí ó sì fi àwọn ọmọ Rẹ̀ kéékèèké lé wa lọ́wọ́. Ní orúkọ Jésù. Àmín.